Àkísà Tútù Lórí Sìkíríìnì

Wọ́n ní a kò mọ̀wé kà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé, òun náà ló sì mú mi jókòó kọ èyí. Àpá iná tó wà ní kókósẹ̀ mi ti jinná. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí pé ẹnìkan jókòó sínú yàrá tútù ní Allen Avenue, tó sì sọ pé bí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bá mọ̀wé kà ni, nǹkan yìí kò ní ṣẹlẹ̀, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ka ìwé mẹ́wàá jáde. Ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ooru jó, kàwé jù mí lọ. Ó ti ṣe tíṣà rí ní ìlú wọn ní Ìjẹ̀bú kó tó wá sí Èkó, Tíṣà náà la sì ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ni wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé lé lórí pé kò wo ojú ẹ̀rọ kó tó ṣí ilẹ̀kùn.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo sì lọ́mọ nílé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà láàárín Ọgbà sí Agége, níbi tí a ti máa ń gbóòórùn awọ màlúù tí wọ́n ń sun ní Oko Ọba bí afẹ́fẹ́ bá yí sọ́dọ̀ wa. Bàtà rọ́bà ni a ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo ilé máa ń ní lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi àti Tíṣà ni ká se rọ́bà. A máa ń to àtẹ́lẹ̀ bàtà sórí páànù onírin, a ó tì wọ́n sínú ìkòkò ńlá kan tó dùbúlẹ̀ bí àgbá epo, tí àgbàlagbà méjì lè sùn sínú rẹ̀ láì fara kanra. A ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, a ó dè é pinpin, a ó sì jẹ́ kí sítíìmù, ìyẹn ooru omi tó ń ti ilé bọ́ílà bọ̀, wọ inú rẹ̀. Ooru yẹn ló ń mú kí rọ́bà jinná, kó sì le. Bó bá jinná, a ó pa sítíìmù, a ó ṣí páìpù tó ń tú èyí tó kù nínú ìkòkò síta, a ó wá dúró. Kò sí ohun tó le nínú iṣẹ́ náà tó ìdúró yẹn. Ooru tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò kò ní ariwo, kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn kó tó tán, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni ooru náà yóò kọ́kọ́ kọlù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, gééjì kan wà lórí ìkòkò náà. Ojú rẹ̀ tóbi tó àwo ọbẹ̀, ó sì ní ọwọ́ kan ṣoṣo bíi ti aago. Bí ooru bá ṣe ń dín kù ni ọwọ́ yẹn yóò máa sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi sùn sórí òdo. Ìyá mi tí kò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n sì sọ fún ọ pé kò tíì tán. Wọ́n yọ gééjì náà lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ó ti ń ṣe ségesège, pé àwọn fẹ́ lọ tún un ṣe, wọ́n sì fi bóòtì irin dí ihò rẹ̀. A kò rí i mọ́. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní kí la tún ń wá gééjì sí, ṣebí àpótí tuntun tí wọ́n rà láti máa wọn ooru ní sìkíríìnì.

Sìkíríìnì ọ̀hún kò gùn ju ìka àárín mi lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìka méjì. Ìlà méjì péré ló lè kọ, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún sì ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbà. Ìlà òkè ń sọ bí inú ìkòkò ṣe gbóná tó. Ìlà ìsàlẹ̀ ń sọ agbára ooru tó kù. Bí ìyẹn bá di òdo, yóò kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ẹ lè ṣí i. Kò burú. Lára ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ kan àpótí náà mọ́, a sì ń kà á láìsí wàhálà. Nígbà tó yá, wọ́n tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní láti yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà, wọ́n ti gé lára wáyà rẹ̀, kò dé ògiri mọ́. Dípò kí wọ́n so òmíràn mọ́ ọn, wọ́n kan àpótí náà mọ́ ara ìkòkò fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù sítíìmù. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì ni sìkíríìnì ti kọ̀ láti sọ̀rọ̀ fún wa. Ní òwúrọ̀, ó ń kọ̀wé dáadáa. Nígbà tí a fi máa se rọ́bà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di igi dúdú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A rò pé ó ti bàjẹ́. A lọ pe oníná ilé iṣẹ́ wa, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kò bàjẹ́, ooru ló mú un.

Bàbá yẹn ló là á yé wa. Ó mú ògbólógbòó sìkíríìnì kan wá látinú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ní díńgí tín-ín-rín méjì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi nǹkan kan bí omi tó ki sáàárín wọn. Omi náà kì í ṣe omi lásán, ó ní bó ṣe ń tò. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti kàn án, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí iná bá ti kàn án, omi náà á yí ara padà, ìmọ́lẹ̀ kò ní rọ́nà gbà, ibẹ̀ á sì ṣú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tíntìntín márùn-ún ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró. Nínú ogójì yẹn ni ẹ̀rọ ti ń yan èyí tí yóò ṣú, àwọn tó ṣú ni ojú wa ń kà bíi lẹ́tà tàbí nọ́ńbà. Mo fi ojú mi sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kejì nígbà tí ó ṣì tutù, mo sì rí wọn lóòótọ́, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ orúkọ sára àpò. Bàbá náà ní bí omi inú rẹ̀ bá gbóná jù, kò ní mọ bó ṣe ń tò mọ́. Gbogbo ogójì á ṣú pọ̀, èyí tí wọ́n rán níṣẹ́ àti èyí tí wọn kò rán. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń sọ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ dúdú ló fi ń kọ ọ́ sórí dúdú.

Ó gbìyànjú ohun kan fún wa. Ìdè kékeré kan wà lẹ́yìn àpótí náà tó máa ń mú kí ìkọ̀wé rẹ̀ dúdú tàbí kó fúyẹ́. Ó yí i títí a fi lè kà á lọ́sàn-án. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ìkòkò tutù, sìkíríìnì náà mọ́ bí omi ẹ̀rọ, kò sí ẹyọ lẹ́tà kan lójú rẹ̀. Súpáfáísọ̀ wa rí i, ó ní ta ló ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì ní kí bàbá dá ìdè náà padà sí ibi tó wà. Bàbá sọ fún un pé wáyà ni kó bá wa rà, kí a lè gbé àpótí kúrò lára ìkòkò. Súpáfáísọ̀ ní ó ti wà nínú ìwé tí òun kọ sí Allen, níbi tí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wà. Èmi náà sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kan náà ló ń fún mi. Ó wà nínú ìwé tó lọ sí Allen.

Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀ àkísà. Ó gé táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan, ó rì í sínú omi, ó sì fi lé sìkíríìnì lórí. A ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta. Nígbà tí ó ṣí i, igi dúdú náà ti ń yọ́ láti ẹ̀gbẹ́, àwọn nọ́ńbà sì ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ̀ láti inú kùrukùru ọyẹ́. A yára kà á, nítorí kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà wa. Bíbọ́jú ni a ń pè é, ẹ̀rọ náà la sì ń pè lọ́gàá. Bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni ibi tí àkísà wà. Bí ó bá kan èmi láti kà á, Tíṣà á ní, "Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bá ọ̀gá bọ́jú, kó lè bá wa sọ̀rọ̀." Èmi náà á ní ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú nìyẹn, kí wọ́n máa bá irin bọ́jú. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu gààrí tán.

Mo ń sọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀ báyìí, ẹ̀fẹ̀ náà la sì fi ń ṣe nígbà náà. Inú ń bí mi sí ẹ̀rín yẹn lónìí. Ẹ̀mí wa la gbé ka orí àkísà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, àlejò ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀dà kun ẹsẹ̀ tábìlì. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, súpáfáísọ̀ wá bá wa nídìí ìkòkò. Ọmọdé ló jẹ́ sí mi, àkọ́bí mi lè jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni mo ń pè é, mo sì máa ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Ó rí àkísà lórí àpótí, omi ń kán láti ara rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ó ní, "Màmá, ẹ kó ìdọ̀tí yìí kúrò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ rí i lónìí. Ṣé ilé ìdáná la wà ni?"

Mo sọ fún un pé a kò ní lè ka sìkíríìnì. Ó ní ṣebí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a mọ ìgbà tó ń tán. Ó sì dúró títí mo fi mú un. Mo fún omi ara rẹ̀ dànù, mo ká a, mo sì kì í bọ àpò ofárọ́ọ̀lù mi. Ó tutù mọ́ itan mi. Mo ṣì ń mọ títutù yẹn lára títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

A se rọ́bà, ó jinná, Tíṣà pa sítíìmù. Ó ṣí páìpù tó ń tú ooru síta, ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Sìkíríìnì ti di igi dúdú méjì. Ó tẹ̀ wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó, ó tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ojú ara mi rí i tó wò ó.

Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, àkísà dà?"

Mo ní wọ́n ní ká má yọ ọ́. Ó wà lápò mi. Súpáfáísọ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ sí wa, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ó ń retí àwọn àlejò. Tí mo bá ti ọwọ́ bọ àpò, tí mo tẹ́ ẹ sórí àpótí ní ìṣẹ́jú kan péré, kí ni yóò ṣe fún mi? Yóò bú mi. Ìbú yẹn ni mo sá fún.

Tíṣà kò fi agbára mú mi. Ìṣẹ́jú méjìlá la máa ń dúró kí ooru tó tán. Ó ka méjìlá, ó tún fi méjì lé e. Súpáfáísọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó béèrè pé kí ló dé tí a kò tíì ṣí i, pé àwọn àlejò ti wọ géètì. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé rọ́bà ti dí páìpù tó ń tú ooru síta lábẹ́, kò dí i tán, ooru kàn ń gba ibẹ̀ jáde fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Tíṣà fọwọ́ mú irin ilẹ̀kùn. Èmi dúró níbi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, mo gbé páànù dání, mo ń dúró láti kó bàtà.

Ilẹ̀kùn náà fò ṣí, ó sì bò mí mọ́ ògiri. Òun ló gbà mí. Gbogbo ibẹ̀ funfun. Mo ń gbọ́ ohùn Tíṣà, mi ò rí i. Ooru tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ló jó mi ní kókósẹ̀. Nígbà tí funfun náà lọ tán, Tíṣà ti jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí wọ́n ní kó gba nǹkan, kò sì mọ ibi tó máa gbé wọn sí. Mi ò ní kọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ìyàwó rẹ̀ lè ka èyí.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó padà sílé ní Agége, mo lọ kí i. Báńdéèjì bo ojú àti ọwọ́ rẹ̀, orí àga ni wọ́n gbé e sí lẹ́bàá fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìjókòó fún mi, mi ò lè jókòó dáadáa. Mo ti ń múra láti sọ ọ̀rọ̀ àkísà fún un láti ojú ọ̀nà. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn méjì kan ti wá láti Allen, wọ́n ka ìwé kan sí òun létí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣí ilẹ̀kùn láì wo sìkíríìnì, wọ́n sì fẹ́ kí èmi fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ó ní, "Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Kí wọ́n kọ ohunkóhun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n má ṣáà kọ ọ́ pé mi ò wò ó. Àwọn ọmọ mi á ka ìwé yẹn lọ́jọ́ kan."

Ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní mo gbọ́. Bí mo ṣe ń padà lọ sílé, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo mọ ara mi. N kì í ṣe ẹni tó ń bá ọ̀gá jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n pè mí sí Allen. Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá náà pọ̀ débi tí mo fi ìborùn mi bo èjìká. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Máníjà jókòó láàárín, súpáfáísọ̀ wa wà lápá ọ̀tún rẹ̀, obìnrin kan tó ń kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀ wà lápá òsì. Àpótí náà wà lórí tábìlì. Wọ́n ti tú u kúrò lára ìkòkò, wọ́n sì so bátìrì mọ́ ọn. Sìkíríìnì rẹ̀ ń kọ̀wé. Lẹ́tà náà dúdú minimini, ilẹ̀ wọn mọ́, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á láti ìkángun tábìlì kejì.

Máníjà fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ bá àwọn kà á. Mo kà á. Ìlà òkè sọ bí yàrá náà ṣe tutù tó, ìlà ìsàlẹ̀ ní òdo, ẹ lè ṣí i. Ó béèrè bóyá ó hàn dáadáa. Mo ní ó hàn, sà. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ní ó hàn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n pè mí wá ṣe. Máníjà ti ìwé tí mo máa fọwọ́ sí síwájú mi, ó sì yíjú sí súpáfáísọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀, pé bí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bá mọ̀wé kà ni, kò ní ṣẹlẹ̀. Súpáfáísọ̀ ń wo tábìlì. Ó mọ àkísà. Ó mọ igi dúdú méjì. Òun ni mo ń wò, mo ní bóyá yóò sọ̀rọ̀. 

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà. Ìbínú ni, kì í ṣe ìgboyà. Fíláàsì kan wà lórí tábìlì pẹ̀lú àwọn ife tíì. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ omi gbígbóná díẹ̀. Wọ́n rò pé mo fẹ́ mu tíì. Obìnrin náà bu omi sínú ìdérí fíláàsì, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, ó sì béèrè pé ṣúgà mélòó. Mo ní mi ò fẹ́ ṣúgà. Mo gbé ìdérí náà pẹ̀lú omi inú rẹ̀, mo sì gbé e ka orí sìkíríìnì.

Máníjà ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbé e padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, sà."

Mo ka ení, èjì, mo kà á síta bí èmi àti Tíṣà ṣe máa ń kà á. Omi ta sílẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Nígbà tí mo dé ọgọ́ta, mo gbé ìdérí náà kúrò. Ojú sìkíríìnì ti ṣú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi dúdú méjì. Mo yí àpótí náà sí máníjà, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kà á. Ó tẹ̀, ó wò ó láti ibí, ó wò ó láti ọ̀hún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó gẹ́lẹ́ bí Tíṣà ṣe ṣe. Kò rí nǹkan kan kà. Súpáfáísọ̀ ní mo ti bà á jẹ́. Èmi sì ṣí báàgì mi, mo mú àkísà wa jáde. Mo ya píọ̀ wọ́tà tó wà níwájú mi, mo rẹ àkísà náà, mo tẹ́ ẹ sójú sìkíríìnì, mo sì tún ka ọgọ́ta. Nígbà tí mo ṣí i, àwọn lẹ́tà ti ń padà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti gééjì tí wọ́n yọ, ti wáyà tí kò gùn tó, ti ìwé tí wọ́n ní ó lọ sí Allen, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà wo ojú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ṣe tán, obìnrin tó ń kọ̀wé gbé bírò rẹ̀ sókè, ó bi máníjà bóyá kí òun kọ ọ́. Máníjà wo súpáfáísọ̀. 

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́, màdáámù. Ẹ kọ ọ́ pé àkísà yìí wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ẹni tó ní kí n mú un kúrò. Ẹ sì kọ ọ́ pé mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu."

Ó kọ ọ́. Mi ò fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òmíràn jáde. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ó wà níbẹ̀ pé ojú ẹ̀rọ kò ṣeé kà nínú ooru, pé ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn wò ó kó tó ṣí i. Wọn kò kọ ẹni tó ní kí n mú àkísà kúrò. Mo rí i pé kò sí níbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí Tíṣà béèrè ti wà níbẹ̀, àti nítorí pé ẹ̀rù tún ti ń bà mí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà kan. Wọ́n fún mi. Wọ́n sì ní kí n lọ sinmi nílé, àwọn yóò pè mí. Wọn kò pè mí.

Nígbà tí mo lọ kó ẹrù mi nílé iṣẹ́, mo gba ìdí ìkòkò kọjá. Wọ́n ti gbé àpótí náà padà sára ògiri. Gééjì tuntun wà lójú ihò àtijọ́, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀. Bàbá oníná wà níbẹ̀. Kò lè wojú mi. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni òun fi ṣe gbogbo rẹ̀, òun ṣe é tán kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Mo lọ wo wáyà tí wọ́n so mọ́ ti àtijọ́. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ènìyàn lè rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo na apá mi sí i láti wọ̀n ọ́n. Kò gùn ju apá mi lọ.

Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Wọ́n ti tú báńdéèjì ojú kan, ṣùgbọ́n kò tíì lè fi kàwé, nítorí náà mo ka ìwé náà sí i létí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó wò ó, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní èdè òyìnbó wọn kò dára tó, òun ì bá fi bírò pupa sí i lára. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Mo wá sọ fún un pé wọ́n ti ra wáyà náà.  Ó béèrè pé báwo ló ṣe gùn tó. Mo fi ìka mi kan èjìká rẹ̀, mo sì fà á wálẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí aṣọ rẹ̀, títí mo fi dé ibi tí báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ parí sí.  Ó yí ojú kan tí wọ́n ti tú sí fèrèsé, ó sì ní kí ìyàwó òun bá òun gba ìwé náà, kó fi í sáàárín ìwé àwọn ọmọ.